Púlọ́ọ̀gì Kẹjọ

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi, wọn kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́ mọ́. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún wọn, wọ́n sì ní àwọn kò ní na ọwọ́ òsì sí ọmọ ènìyàn bí ẹni tí a kò kọ́ nílé. Bí a bá wọ ẹ̀lífétọ̀ nílé wa ní Parkchester, tí aládùúgbò kan sì na ọwọ́, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ki òsì bọ àpò. Mo bá wọn jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn aláìsàn ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ni ń jẹ́ nọ́ọ̀sì lójú bàbá tó bí i?

Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é létí omi ní Bronx ní Amẹ́ríkà níbí. Nígbà tí àìsàn dé, àwọn oníbàárà fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Súpáshájà wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ó pe bàbá mi pé kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, kó tó di ọ̀sán Sátidé. Bí wọ́n bá lè ṣe é, ọkọ̀ náà kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Kò sọ bí yóò ti rí bí wọn kò bá lè ṣe é. Bàbá mi gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ tìẹ la máa lò."

Ní Fúráìdè, mo lọ ra púlọ́ọ̀gì, bàbá mi jókòó sínú mọ́tò níta nítorí pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ràn àtimáa bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tó wà ní káńtà tẹ kọ̀ǹpútà, ó kó mẹ́jọ fún mi. Bàbá mi gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú.

"Kò tutù tó. Dá a padà."

"Daddy, computer ló sọ pé òun ni ti engine yẹn."

"Computer mọ engine. Ṣé ó mọ súpáshájà tí wọ́n gbé lé e? Ooru ibẹ̀ máa yọ́ piston bí òrí."

Púlọ́ọ̀gì tútù kì í ṣe èyí tó ti firíjì jáde o. Èyí tó ń tètè lé ooru kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà kí n tó kó èyí tí wọ́n fẹ́ jáde.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo kúnlẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì, bàbá mi fara ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè mi. Wọ́n ní kí n pa àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan pọ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tí súpáshájà ń tì wọlé má baà fẹ́ iná rẹ̀ pa. Orí ẹ́ńjìnnì náà rọ̀, alumíníọ̀mù ni. Bí púlọ́ọ̀gì bá wọ́ wọlé, eyín inú ihò tó ń di púlọ́ọ̀gì mú á bàjẹ́. Nítorí náà, wọ́n fún mi ní ègé rọ́bà kan tó dà bíi páìpù, kí n fi orí púlọ́ọ̀gì bọ inú rẹ̀, kí n máa fi yí i. Bí kò bá wọlé tààrà, rọ́bà á yọ̀, nǹkan kan kò ní bàjẹ́. Ó di ìgbà tó bá jókòó dáadáa kí n tó mú sípánà.

Méje wọlé wẹ́rẹ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀, ohun tí mi ò gbọ́ láti ìgbà àìsàn. Wọ́n ní, "Ọwọ́ nọ́ọ̀sì!" Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú.

Ìkẹjọ wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ojú mi kò dé. Bí mo ṣe ń ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, rọ́bà bọ́, ó já sínú omi ìdọ̀tí nísàlẹ̀ ọkọ̀. Mo sì gbọ́ bàtà ẹni tó ni ọkọ̀ náà lórí pákó etí omi. Ọ̀sán kò tíì pọ́n, ó tètè dé ni. Ǹ bá sọ fún bàbá mi pé rọ́bà ti bọ́. Mi ò sọ. Mo fẹ́ kí ó bá wa níbi tí a ti parí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo lá a. Mo mú sípánà. Púlọ́ọ̀gì náà yí díẹ̀, ó le, mo rò pé ó ti jókòó nìyẹn, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó dún bí ìgbà tí eyín bá rún yanrìn. Orin dákẹ́ lókè mi.

"Yọ ọ́."

Mo yọ ọ́. Èérún irin wẹ́wẹ́, tó ń dán, lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ihò náà ti bàjẹ́.

Ẹni tó ni ọkọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ó wo púlọ́ọ̀gì náà, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu. Bàbá mi wò mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà: ìwò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń dá mi dúró ní kékeré tí mo bá fẹ́ gba ẹran nílé onílé. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí, ẹnu mi sì pa dé.

Bàbá mi yọ ọwọ́ òsì kúrò nínú àpò, wọ́n gbé e sókè níwájú ọkùnrin náà. Wọ́n ní àwọn ni àwọn bà á jẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ yìí kò tíì mọ iṣẹ́.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó dúpẹ́ fún gbogbo ọdún tí wọ́n ti bá òun ṣiṣẹ́, ó ní òun á wá ẹni tó máa fa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn ní Mọ́ńdè. Bàbá mi ń mi orí. Wọ́n di ọwọ́ náà mú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọwọ́ bàbá mi mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan lára rẹ̀. Tèmi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo gbé e síta, níwájú àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó wò ó.