Wáyà Tó Fẹ́ Ti Ilẹ̀kùn Èjí Mi

Mo mọ bí àbẹ́là ṣe ń rí lẹ́nu. Ó ń yọ̀ bí ọ̀rá tó dì sójú ọbẹ̀ àná, kò dùn, kò korò, àmọ́ tèmi máa ń ní òórùn aró díẹ̀, nítorí pé àgbàlá ìyá bàbá mi, tí í ṣe aláró ní Abẹ́òkúta, ni mo ti ń fi í sẹ́nu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá tó rò pé òun gbọ́n ju gbogbo ilé lọ.

Bàbá mi ló ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó sì mú mi dání. Eyín ẹ̀gbẹ́ mi kan lókè gun orí èkejì bí ẹni tó ń yọjú wòran, ni bàbá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kí ó bá wa tò ó. Dókítà yẹ ẹnu mi wò títí, lẹ́yìn náà ló fi ìka kan àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú mi méjèèjì, ó wo bàbá mi, ó ní, “Èyí náà ńkọ́?” Ní ilé wa, bí àlejò bá na ìka sí èjí ọmọ ẹni, ọpẹ́ ló kù. Bàbá mi rẹ́rìn-ín dé etí, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ti jogún rẹ̀.” Dókítà mi orí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ti gbà pé a ní kí òun dí i. Àwa ń pè é ní ẹwà, òun ń pè é ní àlàfo, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì léèrè.

Bí wọ́n ṣe fi irin àti wáyà sí gbogbo eyín mi lókè nìyẹn. Kò pẹ́ sí i, bàbá mi ní kí n lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Dókítà fún mi ní ìda kékeré kan tí n óò máa fi bo wáyà tó bá ń gún mi, pẹ̀lú ìwé tó ka gbogbo ohun tí n kò gbọdọ̀ jẹ. Ìdánwò bàbá mi sún síwájú, oṣù mẹ́ta sì di mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé irin yẹn wọ Abẹ́òkúta bí ẹni dé adé. Mo ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ní Láfẹ́nwá bi mí bóyá fàdákà ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run á forí jì mí. Ìyá àgbà nìkan ni kò yà lẹ́nu. Ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó ní, “Ọkọ mi, ta ló di ẹnu rẹ bí aṣọ tó fẹ́ wọ aró?” Nígbà tí mo ka ìwé dókítà sí i létí, pé kò sí ẹ̀pà, kò sí àgbàdo, kò sí eegun, ó ní, “Ààwẹ̀ wo nìyí tí kò ní ìtúnu?”

Àwọn àgbà ní ohun tó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa wáyà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo yọ́ àgbàdo sísun jẹ, ni etí wáyà bá yọ, ó sì ń gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ìda dókítà tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyá àgbà bá bu díẹ̀ lára àbẹ́là tó máa ń yọ́ sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀, ó fi ìka rọ̀ ọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà náà. Ó ní, “Ibi tí àbẹ́là bá dì mọ́, aró kì í wọ̀ ọ́. Irin yìí náà ò ní wọ̀ ọ́ lára.” Ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìka rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi ló ti rí i pé èjí mi ń kéré. Ojú rẹ̀ yí padà. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, á fa fọ́nrán ìko kan yọ nínú èyí tó fi ń di àdìrẹ, á sì fi wọn èjí mi. Lóṣù kìíní, odidi ìko ń kọjá. Nígbà tó yá, ó là á sí méjì. Lóṣù karùn-ún, òwú ìránṣọ nìkan ló ń rí ọ̀nà gbà. Mo kọ̀wé sí bàbá mi pé èjí mi ń dí, èsì rẹ̀ sì dé: “Mo gbé o! Mo ṣebí dókítà ń yin èjí náà ni!” Ó ní dókítà eyín wà nílé ìwòsàn ìlú tó lè yọ irin náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́ nísinsìnyí, eyín tó gun orí èkejì á padà síbi tó wà. Ó ní kí n fúnra mi yàn.

Irin ni mo yàn. Eyín títò ni mo fẹ́ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ní, “Ìyá àgbà, ẹ fi mí sílẹ̀. Òyìnbó mọ ohun tó ń ṣe.” Kò bá mi jà.

Ní oṣù kẹsàn-án, níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀kọ lásán o, eyín iwájú rẹ̀ kan tó ti ń mì tipẹ́ já bọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ọjà. Ó ní, “Ọkọ mi, eyín kan kì í ní èjí. Méjì ló ń ní in. Ti ìyá mi ló wà lẹ́nu mi, tèmi ló wà lẹ́nu rẹ. Bí ìyẹn náà bá dí, ibo ni n óò ti máa rí i?” Ó padà sídìí ìkòkò aró rẹ̀, kò bẹ̀ mí, kò sì wẹ̀yìn. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo ní kó mú mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ ń ha àbẹ́là títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ta ló ṣe èyí?” Ìyá àgbà ní, “Èmi ni, sà. Ṣé ó dì dáadáa?” Dókítà ní ó dì ju tàwọn lọ, ó sì yọ irin náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà fi òwú wọn èjí mi, ó kọjá wẹ́rẹ́. Ìko kò kọjá o, àmọ́ òwú kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé láti fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́. Eyín ẹ̀gbẹ́ mi ṣì ń yọjú wòran, n kò sì bínú sí i mọ́. Ohun a ní là ń náání. Bí mo bá dúró níwájú dígí tí mo rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà ni mo ń rí, àárò rẹ̀ sì máa ń sọ mí gidi. Láìpẹ́ yìí, dókítà eyín kan, ọ̀dọ́mọdé, ní kí n máa fi òwú kọjá láàárín eyín mi láràárọ̀. Mo ní aláró kan ti kọ́ mi láti kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sí èjí mi. Mo kọ́kọ́ bi í ohun tó ní lọ́kàn kí n tó dúpẹ́.