Orúkọ Màmá Etelka lára òkúta ibojì

Wọ́n ní Màmá Etelka, opó Vendel, ti mú kí wọ́n ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára òkúta ibojì ọkọ rẹ̀ nítorí ọkùnrin. Irọ́ ni. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní ìlú Szentes ní Hungary, ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tèmi.

Nígbà tí Vendel kú, wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì sára òkúta bí a ti máa ń ṣe: ti òkú pẹ̀lú ọjọ́ ikú rẹ̀, ti opó pẹ̀lú àlàfo tó ń dúró de ọjọ́ ikú tirẹ̀. Bí Màmá bá gbé òdòdó lọ, á fi aṣọ nu orúkọ méjèèjì.

Ìgbà tó yá ni Baba Ignác dé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá jẹ ọbẹ̀ adìẹ lọ́dọ̀ Màmá. Ilé tó ti ń dákẹ́ bí ihò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rín. Àfi lọ́jọ́ kan tí Ignác gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Etelka, mo fẹ́ ká fẹ́ra wa. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń sùn ti ọkùnrin mìíràn. Lọ pa á rẹ́."

"Tí mi ò bá pa á rẹ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ọbẹ̀ yìí ni mo jẹ kẹ́yìn."

Ilé tó dákẹ́ yẹn ń ba Màmá lẹ́rù ju ikú lọ. Ló bá mú agbẹ́kùúta, ó di ibojì. Ìgbà yẹn làwọn ẹlẹ́nu rí wọn.

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú? Ohun tí mo bá gé kì í padà o."

"Dúró ná." Ó fẹ́ kọ́kọ́ tan àbẹ́là fún Margit, ìyàwó Ignác tó ti kú, tí ibojì rẹ̀ wà nítòsí, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó débẹ̀, ẹnu yà á. Orúkọ Ignác nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Margit, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà wúrà kùn! Màmá rẹ́rìn-ín títí agbẹ́kùúta fi rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Gbé irin rẹ pamọ́, ọmọ mi. Ọ̀dà ni kí o lọ mú wá. Irú ti ibẹ̀ yẹn gan-an."

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀. Ignác dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ fìlà.

"Ṣé o ti pa á rẹ́?"

"Mo lọ kí Margit. Orúkọ rẹ ń dán lọ́dọ̀ rẹ̀ bí abọ́ tuntun."

Etí baba pọ́n.

"Ignác, jókòó. Núdù inú ọbẹ̀ ti ń rọ̀ jù."

Ó bọ́ fìlà, ó jókòó.

Mo bi Màmá léèrè lọ́jọ́ kejì bóyá ìgbéyàwó máa wáyé, àti ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa wá sin ín sí. Ó ń tu ìyẹ́ adìẹ, kò wojú mi.

"Tó bá di ti òkú, kálukú á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń dúró dè é. Wọn kì í ṣáà se ọbẹ̀ níbẹ̀. Bá mi na ọwọ́ sí ata pupa yẹn."