Ọjọ́ tí Gàgá Rìn ní Peckham

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe, síbẹ̀ tí mo bá ti ń sọ ọ́ fún àlejò, ńṣe ló máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bá mi dín irọ́ náà kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé gàgá kan rìn láàárín gbọ̀ngàn ìkírun, ó sì gba ìbò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jí i. Peckham níbí ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí á tún máa péjọ kírun lẹ́yìn àrùn kòrónà.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí, tí ẹ rò pé inú àpótí nìkan ni ìbò ń gbé, ẹ fara balẹ̀. Ní ẹgbẹ́ àsálátù wa, ìlà ni a fi ń dìbò. Ẹni tó ń du ipò á dúró síwájú, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á lọ tò sẹ́yìn rẹ̀, adarí ìbò á sì ka orí. Kò sí bébà, kò sí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó kórìíra rẹ, o máa rí i kedere ní ìlà kejì, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà padà sílé.

Òkè ilé ìtajà kan lẹ́bàá Rye Lane ni gbọ̀ngàn wa wà. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, gàgá ló wà láàárín. Gàgá yìí kì í ṣe aṣọ tí a so mọ́ okùn o. Alhaja Rìsíkátù, tó ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù kan ní Camberwell, ló bá wa gba àwọn tí ọsibítù ti pa tì, irú èyí tí wọ́n fi ń bo bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Férémù onírin ni, ó ní aṣọ lára, ó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀. A to mélòó kan pọ̀ láti ògiri dé ògiri, ó di ààlà.

Alága wa nígbà náà ni Alhaji Gàníyù. Ó ti pẹ́ lórí oyè débi pé àwọn ọmọdé rò pé Alága ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ọjọ́ kan ló dìde lẹ́yìn ìrun, ó ní ọkùnrin kan tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó fẹ́ háyà apá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láti máa kó dúrọ́ọ̀mù sí. Ó ní kí àwọn obìnrin máa kírun nílé, ó ní ẹ̀san ibẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn Alhaja Rìsíkátù jáde láti ẹ̀yìn gàgá. "Yàrá kan ni mo ní, Alága, èmi àti ọmọ mẹ́ta. Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni kí n ti máa forí kanlẹ̀?"

"Ọlọ́run mọ ipò kálukú wa," Alhaji dá a lóhùn.

"Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n ni mò ń sọ ọ́ fún."

Alhaji ní ìpàdé ti parí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo sọ pé èmi náà máa du ipò alága. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Àánú àwọn obìnrin ṣe mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn Alhaji Gàníyù rárá, òun náà kò sì fẹ́ràn mi. Láti ìgbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ni mo ti ń bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fà á: ẹni tó bá jókòó sórí àga pẹ́, tí yóò wá máa rò pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé àga náà.

Orúkọ tó ń pè mí ni Mẹ́síkò. "Ṣé Mẹ́síkò yìí ló fẹ́ ṣe alága?" ni yóò wí, àwọn èèyàn rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Nítorí pé kí n tó dé London, mo fi ọdún mélòó kan kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ìlú kékeré kan lẹ́nu ààlà Texas, Roma lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ti Póòpù. Roma tèmi wà lórí òkè olókùúta, ó ń wo odò Rio Grande nísàlẹ̀, Mẹ́síkò sì wà ní òdìkejì, ó súnmọ́ débi pé tí ajá bá gbó lọ́hùn-ún, ajá ibí á dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ Sunday tó ṣáájú ìbò, èmi ni mo máa kọ́ àwọn ọmọ wa lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn Kùránì. Mo ní kò burú, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti sọ mí ní Mẹ́síkò, n ó kúkú kọ́ wọn ní Mẹ́síkò. Mo ya odò náà sára pátákó, mo ní kí wọ́n wò ó bó ṣe ń lọ́ bí ejò. Mo sọ fún wọn pé nígbà kan rí, odò yẹn kì í ṣe ààlà ohunkóhun. Ìlú Mier wà lápá kan, àwọn ará ibẹ̀ ń da màlúù wọn lọ jẹko lápá kejì, wọ́n ń gbé ìyàwó wá láti òdìkejì, wọ́n sì ń sìnkú síbi tó bá wù wọ́n. Ogun dé, Amẹ́ríkà ṣẹ́gun, àwọn ìjọba sì jókòó síbi tó jìnnà, wọ́n ní odò ni ààlà láti òní lọ. Wọ́n ò bi màlúù, wọ́n ò bi ọkọ, wọ́n ò bi ìyàwó.

Mo sọ fún wọn bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gun odò náà dé Roma nígbà kan, tí owó òwú sọ ìlú náà di ńlá, tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́ àwọn ilé tó rẹwà. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lókè odò wá ń fa omi sí oko wọn, omi fà, ọkọ̀ kò lè dé mọ́, ìlú náà sì sùn lọ. Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Màmá Élida, ìyá arúgbó tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, sọ fún mi pé odò yẹn kì í dúró sójú kan. Tí ìkún omi bá dé, ó lè já ọ̀nà tuntun gba àárín oko ẹni lóru ọjọ́ kan. Ilẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà lánàá á wá bọ́ sí òdìkejì. Ìgbà tó yá, ìjọba méjèèjì fi ṣòfin pé apá ibi tí odò bá gé ilẹ̀ sí, orílẹ̀-èdè tó wà lápá ibẹ̀ ló máa ni ín.

"Ẹ̀gbọ́n Múftáù." Alhaja Rìsíkátù tún ni, láti ẹ̀yìn gàgá. "Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n kúrò?"

"Wọn ò gbé ẹsẹ̀ rárá, Alhaja. Odò ló rìn kọjá wọn."

"Ó dáa," ló wí.

Lọ́jọ́ ìbò, gbọ̀ngàn kún. Ààfáà Jímọ̀h, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Forest Hill, ni adarí ìbò. Èmi àti Alhaji dúró níwájú. Ìlà Alhaji gùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gàgá. Tèmi kúrú. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ó kúrú gan-an, gbogbo wa sì wà nítòsí ògiri iwájú bí àwọn tó ń sá fún òjò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn obìnrin ti tò lẹ́yìn gàgá, àti pé wọ́n pọ̀ ju ọkùnrin lọ.

Ààfáà Jímọ̀h wúkọ́. "Òfin méjì péré. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹni tó bá yẹsẹ̀ kúrò ní ìlà, ìbò rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìkejì, ojú mi kò gbọdọ̀ là gàgá kọjá. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò rí i, mi ò sì ní í kà á."

"Ààfáà," mo ní, "òfin ẹgbẹ́ sọ pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ìbò."

"Mẹ́síkò, ṣé o fẹ́ kí Ààfáà máa wo ìyàwó oníyàwó ni?" Alhaji béèrè, àwọn èèyàn rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. "Lọ kọ́ màlúù ní jọ́gíráfì."

"Màlúù tí mo bá kọ́ á mọ̀ pé olè ni ọ́."

Àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ gbá mi létí. Àwọn kan dì mí mú, àwọn kan di Alhaji mú, ẹnì kan fà mí láṣọ ya. Ààfáà pariwo pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí kálukú dúró síbi tó wà. Ó kọjú sí ìlà tèmi, ó ń fi ìka ka orí wa pẹ̀sẹ̀.

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ọ. Táyà ń dún fín-ín fín-ín lórí ilẹ̀.

Gàgá ń bọ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ògiri dé ògiri, a kò sì rí ọwọ́ tó ń tì í. Nígbà tó dé ìdí ìlà Alhaji, férémù méjì yà sọ́tọ̀ bí ilẹ̀kùn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin tó kẹ́yìn kọjá, wọ́n sì padé níwájú rẹ̀. A ò rí i mọ́. Wọ́n tún yà, wọ́n gbé ẹni tó tẹ̀ lé e mì. Kò sẹ́ni tó lè sá, nítorí ẹni tó bá yẹsẹ̀, ìbò rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ọkùnrin dúró gbagidi, wọ́n ń wo aṣọ funfun tó ń bọ̀ wá bá wọn.

Wàsíù, àbúrò ìyàwó Alhaji, ọkùnrin tó sanra tó sì máa ń rẹ́rìn-ín mi jù, ló pariwo láti òdìkejì. "Alága, mo ti dé Mẹ́síkò o."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí gàgá dúró, àwọn tó kù lẹ́yìn Alhaji kò tó àwọn tó wà lẹ́yìn mi.

"Ààfáà, ka àwọn èèyàn mi," Alhaji ní. "Wọ́n wà lẹ́yìn gàgá yẹn. Ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀."

Kí Ààfáà tó fèsì, Alhaja Rìsíkátù ti fèsì fún un. "Ààfáà wa, ṣé ojú yín ti ń là á kọjá ni? Tó bá ń là á, ẹ ka gbogbo wa. Tí kò bá là á, ẹ kéde alága tuntun, ká máa lọ síbi iṣẹ́."

Ààfáà Jímọ̀h wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó wá ní kí àwọn obìnrin yan ẹnì kan tí yóò máa ka orí lápá ọ̀hún, kí ó máa ké e sókè fún òun. Wọ́n ka tọkùnrin tobìnrin. Mo wọlé, kò sì sí àríyànjiyàn kankan nínú rẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí léèrè ohun tí a jèrè. Dúrọ́ọ̀mù kankan kò wọ apá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn títí di òní, àwọn obìnrin ń kírun níbẹ̀. Èyí tí a pàdánù ni pé Alhaji kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ dá àsálátù mìíràn sílẹ̀ ní Surrey Quays, Wàsíù tí mo ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí n kí òun mọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Olè ni ọ̀gá rẹ̀, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì ń sọ. Èyí tó kù nílẹ̀, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo lọ kírun àsùbá pẹ̀lú ìgbéraga alága tuntun. Ọkùnrin ọwọ́ ọ̀tún mi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ti ọwọ́ òsì náà sún, mo dá wà láàárín sáfù, ìlà ìrun wa, bí eyín kan ṣoṣo. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti gbé bàtà mi lọ. Òjò ń rọ̀. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé Rye Lane, níbẹ̀ ni Alhaja Rìsíkátù ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Camberwell, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Alága," ló pè mí. Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé ẹ wá kí mi kú oríire ni?"

"Rárá. Mo wá béèrè ọjọ́ ìbò tí obìnrin máa dúró níwájú, tí ẹ̀yin máa tò sẹ́yìn rẹ̀."

"Alhaja, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá bàtà mi ná."

"Bí Alhaji Gàníyù ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe tibí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe tọ̀hún." Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ sílípáàsì rọ́bà aláwọ̀ òdòdó kan jáde, ó jù ú sí iwájú ẹsẹ̀ mi. "Ẹ wọ èyí lọ sílé. Ẹ dá a padà ní Sunday, kí ẹ mú èsì bọ̀."

Mo wọ̀ ọ́. Gìgísẹ̀ mi méjèèjì yọ síta bí mo ṣe ń kọjá níwájú àwọn alápatà tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wò ó, ó sì padà sídìí ẹran rẹ̀. Mo ronú títí mo fi délé. Èsì kan ṣoṣo ni mo rí fún un, pé ìbò tó ń bọ̀ yìí ni, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀.