Apá Kejì Dà?

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé "apá kejì dà?", ara mi á gbóná. Mo mọ̀ pé ìbéèrè lásán ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló ba fíìmù kan jẹ́ níṣojú mi ní Ìkòtún níbí, inú sì ṣì ń bí mi.

Mo fẹ́ràn fíìmù kékeré. Kì í ṣe èyí tí bàbá olówó kan á fi ìdajì wákàtí pariwo mọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà o. Èyí tí èèyàn lè wò tán kí ìrẹsì tó jinná ni mò ń wí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń wá wọn kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, mo ń dá wọn padà sẹ́yìn, mo ń tún wọn wò, títí tí mo fi mọ ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí àti ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Bí mo bá rí èyí tó dùn, mi ò lè dá nìkan gbádùn rẹ̀. Mo máa ń fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù ilé wa lórí fóònù, níbi tí gbogbo àwa ayálégbé àti Àlájà onílé wa wà. Mo ti fi ọkùnrin kan tó ń tún àkọ́díọ̀nù ṣe ránṣẹ́ rí. Mo ti fi àwọn ọmọ iléèwé kan tó ń kọrin ránṣẹ́, bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń lù. Àwọn ará ilé á fi àmì àtàǹpàkò sí i, wọ́n á sì padà sórí ọ̀rọ̀ iná.

Ẹni tó ṣe fíìmù tí mò ń sọ yìí kò jìnnà sí wa. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, òpópónà ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbé. Fóònù ló fi ya fíìmù náà, nínú yàrá tirẹ̀. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ lọ ló wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Bó bá ti rí òkúta, á jù ú sínú agolo mílíìkì: kó. Kò sí orin kankan lábẹ́ rẹ̀, àfi kó yẹn. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló ń pè é láti ìta. Ó dìde, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kámẹ́rà sì dúró sórí ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú fóònù á dúdú. Nínú òkùnkùn yẹn, bí èèyàn bá ní sùúrù, á gbọ́ ọ: kó.

Kò ṣílẹ̀kùn. Ó ti padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo dìde dúró.

Mo fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ó já lórí fóònù tèmi o."

"Dátà yín ló tán, àbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, apá kejì dà? Ẹ má fi pa mọ́ fún wa jàre."

Bí ojú fóònù ṣe dúdú ni gbogbo wọn pa á! Kí ló ń lé wọn? Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní mò ń ṣe bíi tíṣà. Wọ́n wá lọ bá olùkọ́ yẹn lójú ewé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, apá kejì, apá kejì, títí ó fi gbà láti ṣe é. Àlájà ní kó wá lo pálọ̀ òun.

Mo lọ bá olùkọ́ náà. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù yẹn ti parí."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ òkúta yẹn. Bí mi ò bá ṣe apá kejì, ta ni yóò wo èyí tí mo bá tún ṣe?"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ta ló sọ pé gbogbo ọkọ tó bá lọ gbọ́dọ̀ padà wá kúnlẹ̀? Ta ló sọ pé obìnrin gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn torí pé wọ́n kàn án?

Mo gba ọ̀dọ̀ Àlájà lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni fíìmù," ló fi kí mi, "ṣé o ò ní jẹ́ ká gbádùn ni?"

"Àlájà, ẹ kàn bá mi gbọ́ nǹkan kan."

Mo gbé fóònù sí etí rẹ̀. Nígbà tí ojú fóònù dúdú, ó fẹ́ dá a padà fún mi, mo ní kó dúró. Kó. Àlájà wò mí. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Kò dá a lóhùn." Ó dá fóònù padà fún mi. "Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí pálọ̀ mi ná. Bí mo bá ní kó má lò ó mọ́, ọmọ tó ń ya fíìmù yẹn ló máa pa lára."

Wọ́n ya apá kejì. Ọkọ wọlé, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì Àlájà, ó sunkún, ìyàwó sunkún, orin dùùrù bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, àdúrà tẹ̀ lé e. Àtàǹpàkò kún gúrúùpù wa bámúbámú. Wọ́n ní èyí gan-an ni fíìmù. Mo ń bínú.

Àlájà kì í tẹ ọ̀rọ̀, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́. Tirẹ̀ ló dé kẹ́yìn.

"Ó dáa o, pálọ̀ mi rẹwà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọkọ yẹn?"

Kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn.