Imú Tó Ń Dá Tínà Mọ̀

Imú-Ajá ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò ló ń kùn: á fín ọ̀dà sára irin títí irin á fi máa dán bí omi. Tínà ni wọ́n fi ń la ọ̀dà náà kó tó ṣeé fín, bí tínà ò bá sì dáa, iṣẹ́ ti bàjẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Tínà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, àdàlù ni. Tólúìnì wà níbẹ̀, tó ń rùn bíi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Òun ló ń yọ́ ọ̀dà. Asitóònù wà níbẹ̀, tó ń ta sánsán bí omi táwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò; òun ló ń sáré fò lọ kí ọ̀dà lè gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kan gbọ́n ju ara wọn lọ, wọ́n á bu kẹrosíìnì sí i. Kẹrosíìnì lọ́ra, ó sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló mọ́ lóló. Imú ló ń tú àṣírí wọn.

Ìdí nìyẹn tí Imú-Ajá ò fi wọ ìbòmú rí. "Ta ní ń di ojú kó tó wá abẹ́rẹ́?" ló máa ń wí. Ìbòmú ò sì wọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń dunni, nítorí ohun tó ń yọ́ ọ̀dà kì í béèrè bóyá ọ̀dà ni àbí ẹran ara.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé.

"Bàbá wọn! Ìkòkò ń jóná, ẹ sì kẹ́yìn sí i bí ère!"

"Ìkòkò wo?"

Obìnrin náà gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, ó yíjú sí i. "Ẹ̀yin ò gbóòórùn ni?"

Imú-Ajá jẹ́wọ́ pé imú òun ò gbóòórùn mọ́. Mọ́tò kan tó kùn ò gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí oyin. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti béèrè bóyá ajá sọ imú nù. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wábi gbà.

"Iṣẹ́ mìíràn wo ni mo mọ̀, ìyá wọn?"

"Imú tèmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká jọ máa fi í jẹun."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ ra tínà nìyẹn, tó sì ń jókòó tì í bó ṣe ń là á. Bó bá dáa, á wúkọ́. Bí kò bá dáa, á fa aṣọ ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó Imú-Ajá, ẹ̀ ń ṣọ́ ọkọ ni?" làwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń dápàárá.

"Ẹni tó bá ní ohun rere, ṣé kì í ṣọ́ ọ?"

Mọ́tò kankan ò bàjẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ra ìbòmú wá fún un.

"Ta ní ń di ojú kó tó wá abẹ́rẹ́?" ni ìyàwó fi dá a lóhùn.

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. Ó mọ ohun tí òun ń ná, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Síbẹ̀, bílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á tún jọ jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún kejì, àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ mọ́tò pupa tí wọ́n máa kùn lọ́la. Ará yàrá kejì kan ilẹ̀kùn gbà-gbà.

"Ẹ̀yin tọkọtaya yìí, ṣé ẹ wà nílé? Kí ló ń jóná lọ́dọ̀ yín?"

Imú-Ajá wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fa èémí símú, ó tún fà á. Omi lé sójú rẹ̀.

Kò sí imú kẹta nínú ilé náà.