Yanrìn Tó Wà Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi yanrìn tí bàbá mi jókòó lé ṣe?”

Ayọ̀mípọ̀sí ló béèrè bẹ́ẹ̀, lójú ọ̀sán gangan, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òpópónà Táíwò, níṣojú èèyàn bíi mẹ́fà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní kíláàsì, bí ó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, yóò kọ́kọ́ kà á nínú ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó nawọ́. Èyí náà, ó ti kà á ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Ẹni tí ó bi léèrè ni Bàbá Abdulganiyu, ọmọ bíbí Ìlọrin, tí ó ti ń rán ìjókòó ọ̀kadà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Bí ìjókòó bá ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí ẹnìkan bá ra ìjókòó tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀kadà kan, tí ó fẹ́ kí ó bá irú mìíràn mu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni, nítorí àwọn yòókù á ní kò ṣeé ṣe. Yóò fi irin gbígbóná tẹ ike ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi gba orí ọ̀kadà náà. Yóò ní kí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jó etí irin tuntun mọ́ ọn. Yóò fi ọ̀bẹ gígùn gé fóòmù bí ẹni tó ń bẹ iṣu, yóò sì fi awọ tuntun bò ó. Kò sẹ́ni tó lè rí àbùkù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Yanrìn rẹ̀ ni ara ń fu àwọn èèyàn sí.

Kí ó tó fi ọ̀bẹ kan fóòmù ẹnikẹ́ni, yóò gbé àpótí pẹlẹbẹ kan lé orí bẹ́ǹṣì. Yanrìn tútù ló kún inú rẹ̀. “Ẹ jókòó,” ni yóò wí. “Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó gan-an. Ẹ má ṣe fújà.” Bí ẹni náà bá ti dìde, kó tó bojú wẹ̀yìn, bàbá náà á ti fi aṣọ funfun bo yanrìn. Yóò gbé e wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan tó wà ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù. Yóò pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá fi máa gbé àpótí náà jáde, yanrìn á ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó lé e rí. Kò sí oníbàárà kan tó dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì náà.

Bẹ́ẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu iyẹ̀pẹ̀ tí ó fẹsẹ̀ tẹ̀ nìyí. Bí ti ẹsẹ̀ bá léwu, kí la ó sọ nípa èyí tí èèyàn fi gbogbo ara jókòó lé? Àwọn ọlọ́kadà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà nínú yẹ̀yẹ́ náà. Jídé, ọlọ́kadà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló sọ ọ́ ní Bàbá Oníyanrìn.

“Bàbá Oníyanrìn, ìdí mi mẹ́ta ló ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yín báyìí o! Ẹ dákun, ẹ má tà á.”

“Ta ni yóò rà á?” ni bàbá náà dáhùn, láìgbójú sókè. “Ó tẹ́ bí pákó.”

Ọjọ́ Sátidé kan ni Tíṣà Bámidélé, bàbá Ayọ̀mípọ̀sí, gbé ọ̀kadà rẹ̀ dé ibẹ̀. Ará Ọ̀mù-Àrán ni, ó ń gbé ní Adéwọlé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Bajaj ni ọ̀kadà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó TVS ló rà, nítorí pé ó fẹ̀, fóòmù rẹ̀ sì nípọn. Nígbà tí wọ́n gbé e lé orí Bajaj, iwájú rẹ̀ kò wọ abẹ́ táǹkì, ihò bóòtù ẹ̀yìn fi ìka méjì yẹ̀, ó sì ń mì jẹ̀jẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé.

“Èyí kò le,” ni Bàbá Abdulganiyu wí. “Ìjókòó tí wọn kò ṣe fún ọ̀kadà yìí, a ó jẹ́ kó bá a mu. Ó wá ku kó bá ẹni tó máa gùn ún mu. Tíṣà, ẹ jókòó.”

Tíṣà jókòó, ó dìde. Ayọ̀mípọ̀sí kò wo bàbá rẹ̀, ojú bàbá arúgbó náà ló ń wò. Ó rí i pé ó wo yanrìn, ó wo ẹsẹ̀ Tíṣà, ó tún padà wo yanrìn. Ojú rẹ̀ wá yí padà, bí ojú ẹni tó ṣèèṣì ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kíá ló da aṣọ bò ó. Ó gbé e wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ọmọ náà sì ń gbọ́ tí ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde tòun ti okùn kan lọ́wọ́, ìbéèrè náà bọ́ lẹ́nu Ayọ̀mípọ̀sí.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọmọ mi, omi tútù wà nínú kúlà yẹn. Lọ bu mu.”

“Bàbá, ọmọ bi yín ní ìbéèrè,” ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ti le.

“Ìjókòó yín ni mo fẹ́ fi ṣe, Tíṣà.”

“Kí ló wá gbé e dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì?”

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn ọwọ́ rẹ̀. Jídé tó jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀ níta fò dìde. “Ṣé ẹ rí i? Ọdún wo ni mo ti ń sọ ọ́! Láti ìgbà tí mo ti jókòó lé yanrìn yìí, ṣé mo ti rí ṣe láyé mi?”

“O ti rí ṣe rí kó o tó jókòó lé e?” ni wẹ́dà bi í, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ariwo ti ta. Àlùhájì Abdulrahman, tó ni àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, tí ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn, jáde síta.

“Abdulganiyu, ṣí kọ́tìnnì.”

“Àlùhájì, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

“Mo ní ṣí i.”

Àlùhájì ń bọ̀ wá ṣí i fúnra rẹ̀. Bàbá Abdulganiyu, tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó sáré rí, fò wọlé ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa fa kọ́tìnnì náà ya, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpótí, ó ń nu yanrìn náà bí ẹni tó ń pa iná.

“Kí lò ń pa rẹ́?”

“Yanrìn ni, Àlùhájì.”

Wọ́n wo gbogbo ibẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju okùn, ṣọ́ọ̀kì àti igi ìwọ̀n kan lọ. Ṣùgbọ́n àìrí nǹkan kan náà tún dá kún ìfura wọn ni, torí wọ́n ti rí eré tó sá.

“Mi ò fẹ̀sùn kàn ọ́,” ni Àlùhájì wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n ohun tí o kò lè là yé mi, mi ò fẹ́ ẹ níwájú ilé mi. Àbí o fẹ́ là á?”

Bàbá Abdulganiyu wo Tíṣà Bámidélé lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wolẹ̀. “Kò sí àlàyé, Àlùhájì.”

“Bí oṣù yìí bá parí, wá ibòmíràn.”

Ìwò tí bàbá arúgbó náà wo Tíṣà yẹn, Ayọ̀mípọ̀sí gbé e délé. Ó rò pé ìwò ìkórìíra ni.

Ní ọjọ́ karùn-ún, bàbá arúgbó náà gbé ìjókòó náà wá sí Adéwọlé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó dè é mọ́ ọ̀kadà nínú ọgbà, ó fún bóòtù rẹ̀, ó sì ti ìjókòó náà síwá-sẹ́yìn. Kò mì. Àfi bí ẹni pé wọ́n jọ ti ilé wá ni. Tíṣà kò gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bó ti lọ tán, Tíṣà mú bíléèdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn awọ náà.

“Di ibí mú,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Ohun tó fi síbẹ̀ ò ní pamọ́ fún wa lónìí.”

Wọ́n ṣí awọ kúrò. Kò sí tírà, kò sí òwú, kò sí iyẹ̀pẹ̀. Fóòmù lásán ni. Àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n rí fóòmù mìíràn tó rọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Ó nípọn tó ìka méjì létí, ó wá ń fẹ́lẹ́ lọ sí àárín. Kò sí irú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

“Dádì, kí nìyẹn?”

Tíṣà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. “Kò sí nǹkan.” Ó mú abẹ́rẹ́, ó rán awọ náà padà fúnra rẹ̀, wẹ́wẹ́. “Má sọ fún màmá ẹ pé a tú u.”

Láti ọjọ́ náà ni ìfura Ayọ̀mípọ̀sí ti kó kúrò ní Òpópónà Táíwò, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sínú ilé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bàbá rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá dé ọ̀nà GRA tó dákẹ́ rọ́rọ́, yóò dúró, yóò sọ̀ kalẹ̀, á ní òun ń wo ṣéènì. Ní báyìí, kò wo ṣéènì mọ́. Tààrà ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí ó ní, “Dádì, ṣé a ò ní lọ bẹ bàbá yẹn?” èsì tó rí gbà ni, “Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.” Nígbà tí oṣù parí, ṣọ́ọ̀bù náà ṣófo. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé nìkan ló kù tí afẹ́fẹ́ ń gbá. Wọ́n ní bàbá náà ti pa àtíbàbà kan sí ìpẹ̀kun Adéwọlé, níbi tí ọ̀kadà kì í sábà dé. Bí Ayọ̀mípọ̀sí bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ń ka gbólóhùn nínú ọkàn rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ọdún márùn-ún kọjá. Ayọ̀mípọ̀sí ti wà ní kíláàsì àṣekágbá nígbà tí Tíṣà jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò lè gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sọdá ọ̀kadà. Ní ọsibítù, dókítà ní eegun ìbàdí òsì ti ń bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́. “Báwo lẹ ṣe ń gun ọ̀kadà láti gbogbo ọdún yìí wá?”

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. “Ó ti ń dùn mí kí n tó ra ìjókòó yẹn, fóòmù tí bàbá yẹn fi sí ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń dín in kù,” ló wí. “Ọdún náà ni wọ́n lé tíṣà mìíràn kúrò níléèwé wa torí pé kò lè dúró pẹ́. Mo rò pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀, iṣẹ́ tèmi náà bọ́ nìyẹn.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé abẹ́ àtíbàbà náà, Ayọ̀mípọ̀sí tẹ̀lé e. Irùngbọ̀n Bàbá Abdulganiyu ti funfun tán. Àpótí yanrìn wà níbẹ̀. Kọ́tìnnì mìíràn, aláwọ̀ ojú ọ̀run, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tíṣà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ kò jẹ́. Bàbá náà tètè di apá rẹ̀ mú.

“Tíṣà, ó tó. Ẹ jókòó. Lórí bẹ́ǹṣì o, kì í ṣe nínú yanrìn.”

“Bàbá, Àlùhájì ni mo máa kọ́kọ́ lọ rí tí a bá kúrò níbí. Màá sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ.”

Ayọ̀mípọ̀sí kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò ka gbólóhùn kankan nínú ọkàn rẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Kí lẹ fi yanrìn tí bàbá mi jókòó lé ṣe?”

Bàbá arúgbó náà kò wò ó. Tíṣà ló wò. “Ṣé kí n sọ?”

Tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ibi tó ń dun èèyàn ni yanrìn máa ń fi hàn mí, ọmọ mi, kí n lè mọ ibi tí fóòmù máa pọ̀ sí. Ọlọ́kadà kan wà nígbà tí mo ṣì kéré sí iṣẹ́ yìí. Mo rí tirẹ̀ nínú yanrìn, mo sì sọ ọ́ sókè láàárín ọjà, mo ní, ‘Ìbàdí ẹ kan ti lọ o.’ Mo rò pé mò ń ṣe é lóore ni. Láti ọjọ́ náà, èrò ò gun ọ̀kadà rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni mo lọ ra kọ́tìnnì.”