Òfò tí Ìyá Ràdíátù Kò Jẹ́ Kà

Ó ti tó ogún ọdún tí Ìyá Ràdíátù ti ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá kànáàlì ní Amúkòkò. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tó máa ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọ́ yẹn ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó le, òun nìyẹn. Bí ẹ bá sì ń wá ẹni tó lè mú èèyàn forí gbá ògiri, òun náà ni.

Èmi Ṣèyí, ọmọ Amúkòkò, iṣẹ́ ìwádìí ni mo ń ṣe. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan rán wa láti bi àwọn àgbẹ̀ àárín ìlú léèrè ohun tí omi àti kòkòrò bà jẹ́ fún wọn. Àdúgbò tí òfò rẹ̀ bá pọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sínú ètò adójútòfò oko. Èyí tí kò bá ní òfò, ó dìgbà kan ná.

Kànáàlì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ni. Nígbà tí mo dé oko Ìyá Ràdíátù, ebè mẹ́tàdínlógún ló wà nílẹ̀, kò sí ewé kan lórí wọn. Mo tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀.

"Màmá, kí ni omi bà jẹ́ fún yín?"

"Alhamdulillah. Kò ba nǹkan kan jẹ́, ọmọ mi."

Mo wo ẹrẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀fọ́ tó wà níbí ńkọ́, Màmá?"

"Èyí tó kù ló pọ̀ jù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ pé omi gbé e lọ. Ohùn yín ni wọ́n máa gbọ́ ní ọ́fíìsì."

"Kí n wá fi ẹnu ara mi ka òfò lé orí ara mi? Ṣèyí, lọ sinmi."

Méjìlá mìíràn ni mo tún bi lọ́jọ́ náà. "A dúpẹ́." "Ẹ̀mí wà." Chioma tó ń gbin ùgwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Ìyá Ràdíátù ní, "My brother, we thank God o." Òdo ni mò ń kọ tẹ̀lé òdo. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ìlànà wa ni pé ohun tí àgbẹ̀ bá sọ ni kí a kọ. Ohun tí ojú wa rí kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá nìkan ló lè dá wa padà síbẹ̀, tí a bá ti ṣàlàyé kó tó buwọ́ lùwé. Ni mo bá kọrí sí ọ́fíìsì wa ní Àpápá. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń to ọ̀rọ̀ náà: sà, ìbéèrè wa ò dáa, àwọn èèyàn yìí ò ní ka òfò fún ẹnikẹ́ni láé, ẹ jẹ́ ká padà lọ ka ebè fúnra wa.

Ọ̀gá fa fáìlì Amúkòkò mọ́ra, ó gbé bírò.

"Ṣèyí, káàbọ̀. Báwo ni iṣẹ́? Ṣé kò sí ìṣòro lọ́hùn-ún?"

Mo tẹrí ba.

"Kò sí, sà. A dúpẹ́."

Kí n tó mọ ohun tí mo sọ, ó ti buwọ́ lu òdo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá.